Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ Lórí Fọ́tò Ìdána

Bódìjà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìmúra ìdána ẹ̀gbọ́n rẹ o.

Mo rí iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. O ní wọ́n ti ní kí o máa ya fọ́tò tìrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn onífọ́tò tí wọ́n ń sanwó fún. O ní o lọ dán kámẹ́rà rẹ wò nínú gbọ̀ngàn tí ẹ ti máa ṣe é, gbogbo èèyàn sì di òjìji. O wá ní kí n bá ọ fi owó kún owó kámẹ́rà tuntun. Ká sọ òótọ́, owó náà kò sí. Bó bá tilẹ̀ wà, mi ò ní fi ra kámẹ́rà fún ọ báyìí. Ohun tí kámẹ́rà ọwọ́ rẹ kò ní kò pọ̀. Àwọn onífọ́tò tó ń bọ̀ láti Èkó kò sì ní ohun tí ìwọ ní: o mọ ètò ìdána láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, o mọ ẹni tí yóò sunkún nínú ẹbí, o mọ àǹtí tí kì í lè jókòó bí ìlù bá ti dún. Níbi tí iná kò bá ti tó, ìmọ̀ yẹn ni yóò ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà fún ọ.

Jẹ́ kí n tètè sọ ti irin iṣẹ́, ká lè kúrò níbẹ̀. Lẹ́ńsì tó bá kámẹ́rà rẹ wá nínú páálí, 18-55 yẹn, bí o bá fà á dé òpin, f/5.6 ni ihò rẹ̀ lè fẹ̀ mọ. Ihò lẹ́ńsì àti ojú ológbò, ọ̀kan náà ni: bí ilẹ̀ bá ṣe ń ṣú ló yẹ kó máa fẹ̀ sí i. Tìrẹ kọ̀, kò fẹ̀ mọ́. Mo ní 50mm kan níbí tí ihò rẹ̀ ń fẹ̀ dé f/1.8, bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń tóbi tó. Láti f/5.6 dé f/1.8, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ìyẹn ni pé níbi tí o ti ń gbé ISO, bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí tó, lọ sí 6400, 640 tàbí 800 lè tó ọ. Kò sí nínú àwọn lẹ́ńsì olówó ńlá, kódà ó wà lára àwọn tó rọjú jù lọ lọ́jà. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í fa nǹkan súnmọ́. Bí o bá fẹ́ ojú ẹnì kan, àfi kí o rìn lọ bá a. Lórí irú kámẹ́rà tìrẹ, yóò máa rí bí ẹni pé 80mm ni, nítorí náà wá ibi tí o lè fà sẹ́yìn sí. Nǹkan kejì ni pé bí ihò bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ibi tó máa ń hàn kedere nínú fọ́tò máa ń tín-ín-rín gan-an. Ojú ìyàwó á hàn kedere, etí rẹ̀ á ti ṣe bàìbàì. Bí èèyàn méjì bá wà, jẹ́ kí wọ́n dúró lórí ìlà kan, kí ẹnì kan má lọ sẹ́yìn. Bí wọ́n bá pọ̀, dín ihò kù dé f/4, kí o sì ní kí wọ́n tan gbogbo iná.

Má sì bẹ̀rù ISO. Mo mọ̀ pé èérún tó máa ń hàn lára fọ́tò ń dùn ọ́. Ṣùgbọ́n inú òkùnkùn ni èérún ń gbé jù. Fọ́tò ISO 3200 tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pé sàn ju ti 800 tí o yà ní dúdú, tí o wá ń fi kọ̀ǹpútà tan iná sí nígbà tó yá. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwọ̀n 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà, tí Mọ́mì gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n, ta ni yóò rí èérún níbẹ̀?

Wàyí o, ìdána fúnra rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ló ní ibi tí wọ́n ti ń dúró jẹ́ẹ́, ibẹ̀ gan-an ni kí o máa lúgọ sí. Nígbà tí ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ṣé àwọn alága á jẹ́ kí wọ́n tètè dìde ni? Wọ́n á máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní àyà ẹnì kan kò kanlẹ̀, wọ́n á gbowó, wọ́n á tún gbowó. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn tó wà nílẹ̀ kò mira. Ìyára kámẹ́rà ní 1/60 ìṣẹ́jú àáyá tó fún un, ISO á sì lọ sílẹ̀. Má dúró lókè máa ya ìpàkọ́ wọn. Lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kúnlẹ̀, kí ojú ọkọ tó gbé sókè díẹ̀ àti ẹsẹ̀ àwọn òbí ìyàwó lórí àga lè bọ́ sínú fọ́tò kan náà. Àdúrà tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: òbí gbé ọwọ́ lé orí ọmọ, ọmọ di ojú, kò sẹ́ni tó ń sáré. Fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì mọ́ ìhà rẹ, fara ti òpó bí ó bá wà, mí jáde, kí o tó tẹ bọ́tìnì náà. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta léra. Èyí tó wà láàárín ló sábà máa ń dúró ṣinṣin jù, torí ìka tó kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnì máa ń mi kámẹ́rà.

Ìwọlé ìyàwó ló le. Ó ti bo ojú, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yí i ká, ijó ni wọ́n ń jó bọ̀, gbogbo fóònù inú gbọ̀ngàn sì ti dìde. 1/250 ni wàá fẹ́, iná kò ní gbà fún ọ. Fetí sí ìlù. Onígángan kì í lù ú láìmí. Ó máa ń parí ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ, ẹni tó ń jó á tẹ̀ síbẹ̀, á fi èjìká dá a lóhùn, á sì dúró wàì kó tó tún gbéra. Ìwọ tí o gbọ́ ìlù, o ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń parí lọ kí ó tó parí. Ibẹ̀ ni kí o ti tẹ bọ́tìnì. 1/100 á mú un. Ẹni tí kò gbọ́ ìlù yóò máa ya fọ́tò lọ bẹẹrẹ, yóò sì fi gbogbo òru ṣa wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni fìlà: kí ìyàwó tó dé e fún ọkọ, alága á ní kó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó níná: ọwọ́ ń sáré, ṣùgbọ́n ìgbà tí owó bá kan iwájú orí, ọwọ́ á dúró díẹ̀. (Má kàn gbé ìyẹn sórí Facebook o. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka owó náírà níná báyẹn léèwọ̀, mi ò sì fẹ́ kí fọ́tò tìrẹ di ẹ̀rí nílé ẹjọ́.)

Nítorí 1/100 tí mo dárúkọ yẹn: iná mànàmáná wa ń ṣẹ́jú nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú wa ni kò rí i. Bí kámẹ́rà bá yára jù, ó lè bá iná níbi tó ti ń ṣẹ́jú, ìlà dúdú á sì là fọ́tò já. 1/100 tàbí 1/50 máa ń gbà ọ́ lọ́wọ́ èyí. Àwọn iná LED kan ní àṣà tiwọn, nítorí náà tètè débẹ̀, kí o dán an wò nígbà tí wọ́n ṣì ń to àga.

Aṣọ ẹbí ọkọ, mo gbọ́ pé léèsì funfun ni. Kámẹ́rà kò mọ̀ pé aṣọ ni. Funfun tó pọ̀ ló rí, ó gbà pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó sì mú gbogbo rẹ̀ ṣú. Ojú àwa aláwọ̀ dúdú ló kọ́kọ́ máa ń sọnù. Sún òdiwọ̀n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí +1 nígbà tó bá kọjú sí wọn. Bí ó bá jẹ́ aṣọ dúdú ni wọ́n fi bo ògiri ẹ̀yìn ìyàwó, òdìkejì ni, nítorí kámẹ́rà á wá sọ ojú rẹ̀ di funfun. Èyí tó rọ̀ mí lọ́rùn jù ni kí n gbé gbogbo ètò kámẹ́rà sí ọwọ́ ara mi, kí n fi ojú èèyàn kan ṣe òdiwọ̀n, kí n má sì yí i padà àyàfi bí iná bá yí padà. Bí kámẹ́rà kò bá rí ibi tí yóò fi ojú mọ́ nínú òkùnkùn, darí rẹ̀ sí ibi tí gèlè ti pàdé iwájú orí. Ìlà ibẹ̀ máa ń hàn ketekete.

Iná aláwọ̀ àlùkò àti búlúù tí àwọn DJ ń tàn, ọ̀tá ni. Kò sí bí o ṣe lè tún un ṣe, bí o tilẹ̀ ya RAW, nítorí ọ̀pọ̀ àwọ̀ ni kò sí nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Dúró títí yóò fi yí padà, tàbí kí o sọ fọ́tò náà di dúdú àti funfun. Ọ̀rẹ́ rẹ níbẹ̀ ni onífídíò. Òun ló ń gbé iná tó mọ́lẹ̀ jù kiri, ojú ẹni tó ṣe pàtàkì náà ló sì ń tàn án sí. Má dúró sẹ́yìn rẹ̀ o, ibẹ̀ ni ojú ti ń rí pẹlẹbẹ. Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí iná rẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó. Ẹnu ọ̀nà náà tún wà: wọ́n ti fi aṣọ dí gbogbo fèrèsé, ẹnu ọ̀nà nìkan ni ọ̀sán ń gbà wọlé, gbogbo àlejò ló sì ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ní ti fílàṣì, bí àjà gbọ̀ngàn bá funfun tí kò sì ga jù, kọjú rẹ̀ sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè tibẹ̀ bọ̀. Bí wọ́n bá ti fi aṣọ pupa ta sábẹ́ àjà, gbogbo èèyàn á pupa. Bí o bá sì yìn ín lọ́ọ̀kán, gèlè á máa dán gbinrin, òógùn iwájú orí á máa tàn. Síbẹ̀, Malick Sidibé, onífọ́tò ní Bamako, lọ́ọ̀kán ló ń yìn ín. Alẹ́ ọjọ́ Sátidé ló máa ń ti ibi àríyá kan dé òmíràn láàárín àwọn ọ̀dọ́. Fọ́tò ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tó ń jó tó yà lálẹ́ Kérésìmesì ọdún 1963 ti gba ayé kan. Roy DeCarava, onífọ́tò ọmọ Harlem ní New York tó kú ní 2009, kórìíra fílàṣì ní tirẹ̀. Inú òkùnkùn ilé orin ló ti ń ya àwọn olórin jáàsì bíi John Coltrane, fọ́tò rẹ̀ sì dúdú débi pé èèyàn ní láti dúró kí ojú tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà wọn kò jọra rárá, àmọ́ àwọn méjèèjì mọ àwọn tí wọ́n ń yà. Èmi fẹ́ràn DeCarava jù. Inú ilé tó ṣú, kí ló dé tí o fi fẹ́ kó rí bí ọ̀sán gangan?

Má dí àwọn onífọ́tò tí wọ́n sanwó fún lọ́nà. Bí àǹfààní kan bá dé, àwọn ni kí o kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ fún. Kéèkì àti òrùka, jẹ́ kí wọ́n mú un. Ìwọ ni o ráyè yí ẹ̀yìn sí ìyàwó, kí o ya àwọn tó ń wò ó. Kò sẹ́ni tó sanwó fún onífọ́tò kan láti ya ìyá àgbà nígbà tí wọ́n ń ka lẹ́tà ìtọrọ, tàbí ọmọdé tó ti sùn sórí ẹrù iṣu.

Nígbà tí o bá sì délé, má fi kọ̀ǹpútà fọ èérún dànù títí ojú èèyàn yóò fi máa yọ̀ bí ọ̀rá. Má sì bó ẹnikẹ́ni láwọ̀. Mo rí fọ́tò ìgbéyàwó lóde òní tí mi ò lè dá ìyàwó mọ̀ mọ́, ó ń bí mi nínú.

Mo ti di lẹ́ńsì náà sínú páálí. Dírẹ́bà tó ń ná Òṣogbo láti Ìwó Road ni màá fún ní ọjọ́ Ẹtì. Màá sọ nọ́ńbà rẹ fún un. Mo ti sanwó fún un, má jẹ́ kí ó gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Kí ọjọ́ ìdána tó dé, pa iná yòókù nílé lálẹ́, fi gílóòbù kan ṣoṣo sílẹ̀ ní ilé ìdáná, kí o máa ya Mọ́mì bí wọ́n ṣe ń ro àmàlà. Wọ́n á bínú, ṣùgbọ́n wọ́n á mira dáadáa. Lẹ́ńsì náà kì í ṣe ẹ̀bùn o. Mò ń fẹ́ ẹ padà kí ọdún tuntun tó wọlé.



Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ ní Ìbàdàn.