Odò Ògùn àti Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé

Àwọn ará Mushin, Yábà àti Sùúrùlérè tí ń pọn omi ẹ̀rọ kì í sábà ronú ibi tí omi náà ti wá. Ní Akúte, nítòsí ààlà Èkó, ni a ti ń fa omi Odò Ògùn lọ sí ilé iṣẹ́ omi Ìjú àti ti Adíyàn, kí a tó sẹ́ ẹ, kí a sì pín in fún ìlú. Ṣùgbọ́n kí odò yìí tó dé Akúte, ó ti rin ìrìn àjò gígùn.

Òkè Ọ̀yọ́, ní agbègbè Ṣakí, ni orísun rẹ̀ wà. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń ṣàn gba inú igbó tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ọgbà ìpamọ́ ẹranko ní ọdún 1991. Nínú ọgbà yìí kan náà ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà. Nígbà kan rí, ìlú yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ọba Dàhọ̀mì fi ń sin Aláàfin. Lónìí, ògiri tí ó ti wó, àpáàdì àti ojú ọlọ lára àpáta ni ó kù níbẹ̀.

Kì í ṣe òùngbẹ ni ó lé àwọn ará Ọ̀yọ́-Ilé lọ. Ọba àti àwọn ìjòyè ni kò fi ohùn ṣọ̀kan. Àfọ̀njá, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, kẹ̀yìn sí ọba rẹ̀ ní Ìlọrin, ó sì fi àwọn Fúlàní ṣe alátìlẹ́yìn. Àwọn náà ni ó padà pa á. Nígbà tí Aláàfin Olúewu kú sí ogun Eléduwẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1835, ìlú náà tú. Àtìbà, tí ó jọba lẹ́yìn rẹ̀, fi Àgọ́-Ọjà ṣe Ọ̀yọ́ tuntun. Ogun ìgbà náà ni ó lé àwọn Ẹ̀gbá pẹ̀lú dé abẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830, létí Odò Ògùn yìí.

Àwọn baba wa mọ iyì odò náà, wọ́n sì ń bọ Yemọja níbẹ̀. Ìlú di igbó, omi kò dúró. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tí ó da ẹ̀gbin síwájú ńkọ́? Ohun tí a bá dà sí odò ní òkè, Akúte ni ó ń bọ̀. Èyí tí Èkó bá sì dà sínú gọ́tà, ọ̀sà ni ó ń gbé e lọ, níbi tí Odò Ògùn náà parí ìrìn rẹ̀ sí. Nítorí náà, ó yẹ kí gbogbo àwọn tí ń mu nínú odò kan náà fi ohùn ṣọ̀kan láti tọ́jú rẹ̀, kí ohun tí ó ṣe Ọ̀yọ́-Ilé má baà ṣe wọ́n.