Bí Igi Bá Wó Lu Omi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí igi bá wó lu igi, tòkè ni à á kọ́kọ́ gbé. Wọn kò sọ èwo ni à á kọ́kọ́ gbé bí igi bá wó lu omi. Ọ̀rọ̀ yìí ló já lé ìyá àgbà kan léjìká ní ẹ̀yìn odi Ìbàdàn, ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2021.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni ìyá náà ṣe kí ó tó fẹ̀yìn tì. Adágún omi kan wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, èyí tí ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ síbi tí omi ti ń sun jáde láti inú ilẹ̀. Kò fẹ̀ ju yàrá méjì lọ, jíjìn rẹ̀ kò sì ju ìbàdí àgbàlagbà lọ. Epìyà àti àrọ̀ díẹ̀ ni bàbá dà sínú rẹ̀; àwọn yòókù fúnra wọn ni wọ́n wá: kọ̀ǹkọ̀ tí ń ké lálẹ́, ìṣáwùrú tó lẹ̀ mọ́ òkúta, lámilámi tí ń bà lé orí koríko, àti ẹyẹ tí ń pẹja. Bàbá kan náà ló gbin igi máńgòrò sí etí omi. Nígbà tí ó jáde láyé, ìdí igi yìí ni ìyá máa ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́.

Ìjì ló ṣáájú àkọ́rọ̀ òjò lọ́dún náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, máńgòrò ti fà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó sì ti dùbúlẹ̀ gbalaja sínú omi. Ìyá kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi àáké kàn án. Lójú rẹ̀, ńṣe ló dàbí ìgbà tí wọ́n fẹ́ sin ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ṣùgbọ́n ìdárò kò ní kí ewé má jẹrà. Omi dúdú bí aró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ní ìdájí ọjọ́ kẹwàá, ìyá bá àwọn epìyà tí wọ́n yọ ẹnu sókè, tí wọ́n ń mí gúlegúle. Mélòó kan ti kú léfòó. Àrọ̀ ní tirẹ̀ kò kú, nítorí ó lè gòkè wá mí afẹ́fẹ́ òde. Epìyà kò ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Ewé tí ń jẹrà ló ń gba afẹ́fẹ́ inú omi mọ́ ẹja lọ́wọ́. Ìdájí ló sì máa ń burú jù, nítorí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni koríko inú omi fi ń pèsè afẹ́fẹ́, oòrùn kì í sì í ràn lóru.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dé láti Èkó. Ó wo omi náà, ó mirí.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí á kó yẹ̀pẹ̀ dí i. Ẹ̀fọn nìkan ni yóò kù síbẹ̀."

Ìyá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ọkọ mi, èmi ni mo jẹ́ kí ó pẹ́. Fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. A kì í sin ẹni tó ń mí."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ké sí alágbàṣe kan tó ní ayùn. Ọkùnrin náà fẹ́ fi okùn wọ́ odidi igi jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá kọ̀, ó ní bí wọ́n bá wọ́ ọ, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ yóò rú sókè, yóò sì pa ẹja tí kò rí èémí mí tẹ́lẹ̀. Ewé ni wọ́n kọ́kọ́ fi àwọ̀n àti apẹ̀rẹ̀ kó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé àwọn ẹ̀ka wẹ́wẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣọ alápá gígùn ni wọ́n wọ̀, nítorí oje máńgòrò a máa jó ènìyàn lára. Ìyá ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ sí etí omi di ọjọ́ kejì. Ọmọ rẹ̀ rò pé ọjọ́ ogbó ló dé, àfi ìgbà tí ó gbé àtùpà jáde lóru, tí ó rí ìṣáwùrú àti ọmọ lámilámi tí kò tíì hu ìyẹ́, tí wọ́n ń fà láti inú ewé padà sínú omi. Ó dúró pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí ó kan ìtí igi, ìyá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n gé apá tó dí ojú ibi tí omi ń gbà jáde, wọ́n sì so èyí tó kù mọ́ èèkàn kí ó má baà yí.

"Ẹ kò ní jẹ́ kí á kó o tán ni, Màmá?"

"Ewé ló ń pa ẹja, a sì ti kó o. Ìtí kì í jẹrà kíákíá. Ọdún púpọ̀ ni yóò fi máa lọ díẹ̀díẹ̀, apá omi yóò sì ká a. Ẹja yóò rí abẹ́ rẹ̀ sá sí. Bàbá rẹ ló sì gbìn ín."

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, omi kò tíì mọ́ gaara, ẹja tó kú kò sì jí. Ṣùgbọ́n ìyá jí ní ìdájí, kò sì rí epìyà kan tó yọ ẹnu sókè. Ọmọ rẹ̀ padà sí Èkó láìdárúkọ yẹ̀pẹ̀ mọ́. Ó ti rí i pé ọmọ ẹ̀fọn ni oúnjẹ ọmọ lámilámi.

Ìyá kò ní ìbòòji mọ́. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń jókòó sí nísinsìnyí, tí ó ń wo ẹyẹ tó bà lé orí ìtí tí òun ti máa ń fara tì. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó ní kí á má fọwọ́ kan nǹkan kan ìbá pa omi náà. Ẹni tó ní kí á kó gbogbo rẹ̀ dànù ìbá pa á pẹ̀lú. Bí igi bá wó lu omi, èyí tí ń jẹrà ni à á kọ́kọ́ gbé.