Ẹ̀ṣọ́ Tí Ó Kọjú Ìjà sí Onílé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ọ̀rọ̀ àléfọ́ líle, èyí tí àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè ní ẹ́síímà, ni mo fẹ́ fi òwe yìí tú. Ó ti bá mi gbé láti kékeré títí mo fi di olùkọ́, tí mo di ìyàwó ilé, tí mo sì di ìyá ọmọ. Àléfọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ a máa gbọ́ ti ìpara. Tèmi kò gbọ́. Ó mú ọrùn, ó mú ìgbọ̀nwọ́, ó mú ẹ̀yìn orúnkún. Ojú ibẹ̀ dúdú, ó sì nípọn. Bí aráyé bá sùn, èmi a máa họra títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi kan aṣọ ibùsùn. Ọmọ mi kò lè sùn lápá mi, nítorí pé òógùn ara rẹ̀ a máa ta mí bí ata.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn a máa fi ìka méjì gba ìwé lọ́wọ́ mi, bí ẹni pé ẹ̀tẹ̀ ni. Àléfọ́ kì í ràn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀: awọ ara aláléfọ́ a máa lanu, ohun tí kò yẹ a sì máa gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ láti bá àrùn jà a wá rí eruku lásán bí ọ̀tá. Wọn a ránṣẹ́ pe ara wọn, ara a wú, a sì máa yún.

Nítorí náà ni àwọn dókítà ṣe ń lo oògùn tí ń wọ inú ara lọ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ náà wí. Prednisolone a máa yára tu ni lára, ṣùgbọ́n bí a bá dá a dúró, àléfọ́ sábà máa ń padà, nígbà mìíràn pẹ̀lú èlé. Ciclosporin náà a máa yára, ṣùgbọ́n ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè mú ẹ̀jẹ̀ ru. Methotrexate kì í yára. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, wọ́n fi àwọn méjèèjì yìí wé ara wọn lára ọmọdé 103 tí àléfọ́ wọn le. Èsì rẹ̀ jáde ní 2023. Ciclosporin ni ó kọ́kọ́ yọrí, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dá oògùn dúró, ìtura ti methotrexate ni ó tọ́jọ́ jù. Ní 2017, Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí dupilumab, abẹ́rẹ́ tí kì í pa ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu mọ́ pátápátá; iṣẹ́ tí interleukin-4 àti interleukin-13 ń jẹ́ láàárín wọn nìkan ni ó ń dí lọ́nà. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, inú fìríìjì ni a sì gbọ́dọ̀ máa tọ́jú rẹ̀ sí. Nílé wa, iná mànàmáná kì í ṣe ohun tí a lè gbójú lé.

Methotrexate ni ó kàn mí. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín mi wò, ó sì wò bóyá ikọ́ ife fara pamọ́ sí mi lára. Ó kìlọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí n máa lò ó, nítorí pé ẹni tí ó bá ń lò ó lójoojúmọ́ ń fi ẹ̀mí wewu. Ó tún kìlọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ lóyún níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń lò ó, nítorí pé ó lè ba ọlẹ̀ jẹ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ẹbí. Ìyá ọkọ mi bi mí pé, “Ìyàwó mi, oògùn wo ni ó ní kí obìnrin má bímọ?” Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ má bínú, Màmá. Èyí tí mo bí, n kò tíì lè gbé e mọ́ra.” Wọn kò fèsì. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n na ọwọ́, wọ́n sì fà mí dìde.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, mo sun òru kan mọ́jú láìjí. Láìpẹ́, ọmọ mi sùn lápá mi, òógùn rẹ̀ kò sì ta mí. N kò pe èyí ní ìwòsàn. Mo ṣì ń lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, mo sì mọ̀ pé nígbà tí a bá dá oògùn dúró nítorí ọmọ kejì, àléfọ́ lè tún yọjú. Mo mọ gbogbo èyí kí n tó gbé hóró kìíní mì.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń họra, ẹ má ṣe lé e sí ẹ̀yìn kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí àwọn òbí rẹ̀ mọ̀ pé dókítà awọ ara wà, kí wọ́n má sì ra oògùn wọ̀nyí lò fúnra wọn. Ẹ̀ṣọ́ tí ó ṣìnà ṣì ni ẹ̀ṣọ́ ilé; ìbáwí ni ó yẹ ẹ́, kì í ṣe ikú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.