Agbo-ilé Ni Ìwé Àkọ́kà Ọmọ

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa, ṣùgbọ́n ọdún méjì tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀, kí n tó wọ yunifásítì, ni ó jẹ́ kí n mọ bí ó ti jinlẹ̀ tó. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni ẹ̀kọ́ nípa ìgbé-ayé ẹ̀dá láwùjọ, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní sóṣà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀kọ́ yìí. Wọn a ní kí ni ó wà nínú "bàbá mi, ìyá mi, ilé mi" tí ènìyàn gíga yóò fi máa làágùn níwájú pátákó. Bí àkókò kò bá tó, sóṣà ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ kúrò. Ní tèmi o, n kò tí ì rí ẹ̀kọ́ tí ó ṣòro tó o láti kọ́ ọmọ kékeré. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ọmọ tí ó wá kọ́ bí a ti ń sọ iye di púpọ̀ kò mọ̀ ọ́n rí. Ohun tí tíṣà bá sọ ni yóò gbà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje tí ó wá kọ́ nípa ẹbí ti wà láàrin ẹbí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó mọ ẹni tí òun ń dọ̀bálẹ̀ kí. Ó mọ ẹni tí òun kò gbọdọ̀ pè lórúkọ. Ó mọ ẹni tí òun lè sá lọ bá bí pàṣán bá yọ. Bí ohun tí tíṣà kọ sójú pátákó bá ta ko ohun tí ó mọ̀ yìí, ọ̀kan nínú méjì ni yóò ṣe: yálà kí ó pe tíṣà ní òpùrọ́ nínú ọkàn rẹ̀, tàbí kí ó gbà pé ilé tiwọn kì í ṣe ilé gidi. Èyí èkejì ni ó máa ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀kọ́ nípa ẹbí ṣe àpẹẹrẹ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé tí a ń lò. Ó pín ẹbí sí ọ̀nà méjì: ẹbí kékeré, tí í ṣe bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ; àti ẹbí ńlá, tí wọ́n kó gbogbo àwọn yòókù dà sí. Àwòrán kan wà níbẹ̀: ọkùnrin kan tí ó wọ táì, obìnrin kan, ọmọkùnrin kan, ọmọbìnrin kan, tí wọ́n jókòó yí tábìlì ká. Àwòrán náà kò burú. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà, pàápàá jù lọ nínú ọgbà yunifásítì wa yìí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan mo ní kí àwọn ọmọ lọ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ wá láti ìta, kí kálukú to ẹyọ kan sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n jọ ń sùn nínú ilé. Ọmọbìnrin kan to mọ́kàndínlógún. Ó tún na ọwọ́ sí ẹnìkejì rẹ̀ kí ó yá òun ní ẹyọ kan, ó ní òun gbàgbé àbúrò bàbá òun tí ó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, tí kì í tètè wọlé. Ó di ogún. Ọmọkùnrin kan sì wà lẹ́bàá ògiri tí ó to méjì péré: òun àti ìyá àgbà.

Mo bi wọ́n léèrè pé àwọn wo ni ẹbí wọn nínú àwọn òkúta wọ̀nyí. Ariwo ta pé gbogbo wọn ni! Mo ní ǹjẹ́ a kò lè yọ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí? Ọmọbìnrin olókùúta ogún fi ọwọ́ bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní kò ṣe é ṣe, inú ìkòkò kan náà ni gbogbo àwọn ti ń jẹun.

Bẹ́ẹ̀ ni èdè wa ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí kí ìwé tó dé. A ní ọmọ ìyá, a ní ọbàkan, a ní iyèkan, a ní àna, a ní ará ilé. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kàn pè ní àǹkù lásán, ọmọ Yorùbá yóò sọ fún ọ bóyá ẹ̀gbọ́n bàbá òun ni tàbí àbúrò ìyá òun, nítorí pé ibẹ̀ ni yóò ti mọ bí yóò ti kí i àti irú oore tí ó lè tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìmọ̀ ńlá ni èyí. Ọmọ náà gbé e wá láti ilé lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ tíṣà ni kí ó ràn án lọ́wọ́ láti rí i kedere, kí ó tó mú un lọ sí ibi tí kò mọ̀.

Nígbà tí ìdánwò ìparí sáà dé, ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ pé ta ni olórí ilé. Ìdáhùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa láti máa fi gba máàkì ni "bàbá". Ọmọkùnrin olókùúta méjì kọ "màmá àgbà". Mo mú ìwé rẹ̀ tọ ọ̀gá wa lọ. Ìyá àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ lẹ́nu iṣẹ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi. Wọ́n wo ìwé náà fún ìgbà díẹ̀.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, òótọ́ ni ọmọ yìí kọ. Ṣùgbọ́n ìdánwò yìí kì í ṣe tèmi, kì í ṣe tìrẹ. Bí a bá ṣe ojú àánú fún un níbí, ẹni tí yóò gba máàkì fún un ní kíláàsì kẹfà kò mọ ìyá àgbà rẹ̀."

Mo ní, "Òótọ́ lẹ sọ, mà. Ṣùgbọ́n bí ó bá délé, tí ìyá àgbà bi í pé kí ló dé tí o fi pàdánù èyí, kí ni kí ó wí?"

Wọn kò dá mi lóhùn. Máàkì náà kò sì padà. Ẹ má ṣe rò pé mo ń dá ọ̀gá wa lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí ó ní ọmọ ọgọ́ọ̀rọ̀ọ̀rún lábẹ́ gbọ́dọ̀ ronú nípa ìdánwò tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí sáà kejì wọlé, àwọn fúnra wọn ni wọ́n pè mí, tí wọ́n ní bí mo bá fẹ́, mo lè máa pe àgbà kan wá sí kíláàsì ní ọjọ́ Ẹtì, kí ó wá sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Ìyá àgbà ọmọ náà wà lára àwọn tí ó wá. Ẹlẹ́kọ ni wọ́n. Wọ́n jókòó lórí àga tíṣà, wọ́n sì ṣàlàyé bí a ti ń rẹ àgbàdo sínú omi, bí a ti ń gbé e lọ sí ẹ̀rọ, bí a ti ń sẹ́ ẹ, bí a ti ń ro ògì lórí iná títí yóò fi jinná, àti bí a ti ń pọ́n ẹ̀kọ sínú ewé. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bi àwọn ọmọ pé, "Ènìyàn mélòó ni ó wà nínú ẹ̀kọ kan?" Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka: àgbẹ̀ tí ó gbin àgbàdo, awakọ̀ tí ó kó o wọ̀lú, alágbàdo tí ó tà á lọ́jà, ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ìlọgì, ẹni tí ó já ewé, ẹni tí ó ta igi ìdáná, ìyá àgbà fúnra wọn. Ọ̀kan ní kí a má gbàgbé alágbẹ̀dẹ tí ó rọ ọkọ́ àgbẹ̀. Òmíràn ní kí a ka ẹni tí ó tún mọ́tò ṣe. Ọwọ́ wọn kò tó láti fi kà á mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá tún bi mí pé kí ni sóṣà, ẹ̀kọ kan yẹn ni n óò nà sí i. Pé kò sí ẹni tí ó dá ara rẹ̀ bọ́, òun ni olórí ohun tí ẹ̀kọ́ náà ní í sọ, ọmọ ọdún méje sì rí i láìsí pé ẹnikẹ́ni wàásù fún un.

Mo ní ìdí mìíràn tí n kò fi lè fi ojú kékeré wo iṣẹ́ yìí. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ṣe é. Ìlú tí ó rí ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ láti 1997 títí di 2000 ni, tí ó sì tún rí rògbòdìyàn ní Sábó ní oṣù kẹta ọdún 2017, láàrin àwọn Yorùbá àti àwọn Haúsá. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ kò mọ ogun Modákẹ́kẹ́, ṣùgbọ́n àwọn òbí wọn mọ̀ ọ́n. Ọmọ Haúsá kan wà nínú kíláàsì mi, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì dá ṣáká. Nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀gbọ́n bàbá àti àbúrò ìyá, ó nawọ́, ó ní nílé àwọn, "kawu" ni àwọn ń pe ọkùnrin tí ó bá ìyá ẹni tan, "baffa" sì ni àwọn ń pe ti ọ̀dọ̀ bàbá. Kíláàsì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ọmọ kan kígbe pé, "Háà, àwọn náà ń pín in!" Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi "kawu" ṣeré nígbà ìsinmi. N kò sọ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò pa iná ìjà. Ṣùgbọ́n ẹni tí o bá mọ bí ó ti ń pe àbúrò ìyá rẹ̀, kò rọrùn fún ọ láti pè é ní àjèjì mọ́.

Ẹ kíyè sí i pé Yorùbá ni ọmọ Haúsá yìí fi sọ gbogbo rẹ̀. Bí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn lọ́jọ́ náà, wọn ì bá ka ohun tí mo kọ sójú pátákó ní àkàtúnkà, wọn ì bá sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ èdè yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1963 ni wọ́n ti mú ẹ̀kọ́ sóṣà wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Ayétòrò ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ wa. Nígbà tí ó di 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní 1977 ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ. Ní 2022 wọ́n tún fi àṣẹ sí i pé kí ó jẹ́ ọdún mẹ́fà gbáko. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé a ti wọ́gi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò. Bí àṣẹ ti ń lọ tí àṣẹ ń bọ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà ṣì ń ti agbo-ilé wá lárààárọ̀ pẹ̀lú èdè kan ṣoṣo tí ó lè fi ronú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ní ẹ̀bẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, bí wọ́n bá rán yín lọ kọ́ iṣẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe sáré ṣí ìwé. Ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè ohun tí ó mọ̀, kí ẹ sì ní sùúrù títí yóò fi sọ ọ́ tán. Ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ ń kọ ìwé, ẹ bá wa kọ ìwé sóṣà ní Yorùbá fún àwọn ọmọ kékeré, èyí tí àwòrán inú rẹ̀ yóò gba ilé olókùúta ogún àti ilé olókùúta méjì pọ̀ mọ́ ilé onítáì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìdánwò, bí ẹ bá bi ọmọ pé ta ni olórí ilé, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ilé tirẹ̀ ni ẹ ń béèrè.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa wí. Mo fi tèmi kún un: ọmọ tí a kọ́ pé ilé rẹ̀ kì í ṣe ilé, òun náà yóò tà á, owó pọ́ọ́kú ni yóò sì gbà lórí rẹ̀.