Mẹ́sí Tí Kò Rìn

Ẹni tó bá ń retí ewì lọ́wọ́ mi nínú ẹ̀dà yìí, kó jọ̀wọ́ dárí jì mí. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ bàbá mi ni, ọkọ̀ bọ̀gìnnì kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá, tí a ò sì tíì tà títí di òní.

Ọdún 2022 ni bàbá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Kí owó ìfẹ̀yìntì tó wọlé ni màámi ti ná an tán lọ́kàn: fìrísà ńlá méjì tí wọ́n máa fi ta ẹja tútù ní Àjárà. Èmi náà ti ná díẹ̀ níbẹ̀ lọ́kàn, mò ń wo kọ̀ǹpútà alágbèéká kan. Bàbá ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọ́n kàn jáde láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti dé. Wọ́n jókòó sídìí ọwọ́ ọkọ̀ kan tí ọkọ̀ mìíràn ń fi okùn fà bọ̀: Mercedes-Benz 230E, aláwọ̀ eérú, tí wọ́n ṣe ní Jámánì lọ́dún 1989. ₦850,000 ni wọ́n san.

Màámi wo ọkọ̀ náà, wọ́n wo bàbá mi, wọ́n ní, "Olówó orí mi, ṣé fìrísà rèé?"

Kí ẹ má baà rò pé bàbá mi kàn ya òmùgọ̀ ni, ẹ jẹ́ n sọ ìdí rẹ̀. Ọkọ̀ bàbá oníṣòwò kan ni, ní ìsàlẹ̀ ìlú lápá ọ̀sà. Lóru ọjọ́ kan lọ́dún 1996, òjò ń rọ̀, màámi ń rọbí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, kò sí ọkọ̀ èrò kankan lójú títì. Bàbá oníṣòwò yẹn ló dúró, tó gbé wọn lọ sí ọsibítù. Omi ara màámi da sórí àga ẹ̀yìn. Nígbà tí bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, bàbá náà ní omi ayọ̀ ni, kì í ba àga jẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ yẹn ti wọ bàbá mi lójú. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àwọn ọmọ olóògbé fẹ́ tà á, orí wọn dàrú.

Màámi gbọ́ gbogbo àlàyé yìí, wọ́n ní, "Ẹni tó gbé mi lọ sí ọsibítù ni mo jẹ ní gbèsè ọpẹ́. N ò jẹ ọkọ̀ rẹ̀ ní nǹkan kan."

Àwa tí wọ́n bí sí Àgbádárìgì, a mọ ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ dáadáa. Ká tó máa fi pe ọkọ̀, orúkọ èèyàn ni: ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n sì gbé wálé là ń pè ní Tòkunbọ̀. Ọkọ̀ wá gba orúkọ lọ́wọ́ èèyàn. Kútọnu ni wọ́n ti ń já wọn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé, wọ́n á kọjá níwájú ilé wa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó ọkọ̀ gba ẹnu ibodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà ìtàn, máa ń sọ ọ́ fún wa pé níwájú wa níhìn-ín, ní òdìkejì ọ̀sà, ní Gberefu, ni wọ́n ti ń kó àwọn èèyàn wa gorí òkun lọ, tí wọn ò sì padà wá mọ́. Wọ́n á ní, "Èèyàn ni òkun gbà lọ́wọ́ wa. Mọ́tò ló ń dá padà." Wọn kì í rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá sọ ọ́.

Ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí àwọn àgbà ń pe irú ọkọ̀ yìí: Mẹ́sí ọlọ́yẹ́. Ọyẹ́ náà ni ẹ̀rọ amúlétutù inú rẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ẹ̀fẹ̀: tiwa kò ní ọyẹ́ kankan. Gáàsì R12 ni wọ́n fi ń mú inú irú ọkọ̀ yẹn tutù láyé ìgbà náà. Ó ń ba ìbòrí ozone tó wà lójú sánmà jẹ́, ìyẹn ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe fẹnu kò ní Montreal lọ́dún 1987 pé àwọn á jáwọ́ nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ọyẹ́ lónìí ní láti sọ ẹ̀rọ náà di ti gáàsì tuntun. Mẹ́sí ọlọ́ọ̀rùn la rà.

Ohun tí bàbá mi fi ń yangàn jù lọ ni mítà rẹ̀. Kìlómítà 61,000 péré! Ọkọ̀ ọdún 33! Mo ṣírò rẹ̀: nǹkan bíi kìlómítà 5 lójúmọ́. Kì í kúkú ṣe mítà tí wọ́n yí padà. Ìwé àtúnṣe rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀ àwọn Jámánì, ìlà ara rọ́bà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ṣì wà digbí, ara ọwọ́ ọkọ̀ kò tíì máa dán, àga dírẹ́bà kò tẹ̀ sápá kan. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ọkọ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹ kọ́ èyí: ẹ má kàn wo mítà, ẹ wo ibi tí ara èèyàn ti ń kan ọkọ̀. Mítà lè parọ́, rọ́bà ẹsẹ̀ kì í sábà parọ́.

Àfi mẹkáníìkì tí a mú un lọ bá. Gbogbo Àjárà ló ń pè é ní Ọ̀gá Mẹ́sí. Ó wo mítà, kò sọ̀rọ̀. Ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó bi bàbá mi pé, "Tíṣà, ọdún mélòó ló fi dúró?"

Bàbá ní, "Láti 2004 tí olówó rẹ̀ ti kú. Ọdún 18. Kò rìn rárá!" Ẹ̀rín gba ẹnu wọn.

Ó ní, "Tíṣà, ìyẹn gan-an ni àìsàn rẹ̀."

Ó wá fi ọwọ́ hàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Táyà rẹ̀ nípọn, ojú rẹ̀ jinlẹ̀ bíi tuntun, ṣùgbọ́n ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn DOT lára rẹ̀: 1402. Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2002 ni wọ́n ṣe é. Ó fi èékánná tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sán wẹ́rẹwẹ̀rẹ bí àmọ̀ tó gbẹ. Ẹ̀pọ́n inú táǹkì ti di òróró tó ń lẹ̀, táǹkì ti dípẹtà láti inú. Ẹ̀rọ tó ń pín epo fún ẹńjìnnì irú ọkọ̀ yìí, KE-Jetronic ti ilé iṣẹ́ Bosch, kì í sì í fẹ́ ìdọ̀tí rárá. Omi bíréèkì máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mu, ọkọ̀ ì báà rìn tàbí kó má rìn. Ìyẹn ló fi yẹ ká máa pààrọ̀ rẹ̀ ní bí ọdún méjì méjì. Tiwa ti dúdú bí omi àgbo. Rọ́bà ibẹ̀ ti gan. Lékè gbogbo rẹ̀, iyọ̀ òkun. Ẹ̀yin ará etí òkun, ẹ mọ ohun tí atẹ́gùn wa ń ṣe sí páànù ilé, ohun náà ló ń ṣe sí abẹ́ ọkọ̀.

Ọ̀gá Mẹ́sí ní, "Ẹ má tíì gbé e jáde sí Ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì. Ẹ jẹ́ ká tún bíréèkì ṣe tinú-tòde ná, kí ẹ ra táyà, ká fọ táǹkì. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹwà sílẹ̀."

Bàbá ra táyà, wọ́n fọ táǹkì, wọ́n ra bátìrì. Nígbà tó kan bíréèkì, owó ti ń lọ sópin. Wọ́n ní bíréèkì tó ń mú, kí lèèyàn ń tún ṣe lára rẹ̀? Ọkọ̀ tí kò rìn, báwo ni bíréèkì rẹ̀ ṣe fẹ́ jẹ? Wọ́n fi owó tó kù ra rédíò àti ìbòrí àga. Èmi ni mo bá wọn lọ rà á. N ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn.

Oṣù kejì ọdún 2023, à ń bọ̀ láti òde ìgbéyàwó kan ní Àgbárá. Màámi wà lẹ́yìn, orin ń dún, bàbá gbé apá kan sójú fèrèsé bí ọba. Nígbà tí a súnmọ́ Ìbẹrẹ̀kò, bọ́ọ̀sì kan dúró gìrì níwájú wa. Bàbá tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ wọn rì wọlẹ̀ bí ẹni tó tẹ ẹrẹ̀. Wọ́n tún un tẹ̀, òfo ni. Wọ́n kígbe "Jésù!", wọ́n fa jíà sísàlẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ òsì tẹ bíréèkì ìdúró mọ́lẹ̀, wọ́n sì yí ọkọ̀ sínú yanrìn ẹ̀gbẹ́ títì. A wọ́ lọ, a wọ́ lọ, a fi imú ọkọ̀ kọ lu ìsọ̀ alágbọn kan. Ọlọ́run yọ wá, kò sí ẹnikẹ́ni nídìí ìsọ̀ náà. Àgbọn fọ́n ká gbogbo ibẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ dé, àfi rédíò tó ṣì ń kọrin.

Màámi sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú gèlè wọn. Wọn ò wo bàbá, wọn ò wò mí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ṣa àgbọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tò ó padà sórí ìsọ̀ títí olówó rẹ̀ fi sáré dé. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n san owó èyí tó fọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n dá ọ̀kadà dúró, wọ́n lọ sílé. Bàbá jókòó sórí yanrìn. Mi ò tíì rí i kí ọwọ́ bàbá mi máa gbọ̀n rí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò sí ọ̀rọ̀ nínú ilé wa. Lọ́jọ́ kẹrin, màámi gbé ọ̀rá dúdú kan ka orí tábìlì: owó àjọ wọn, ₦180,000, owó fìrísà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ fi tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe. Ẹ má fi kan rédíò." Bàbá mi dọ̀bálẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: bàbá mi, tíṣà àgbà, dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó wọn nínú pálọ̀ wa, màámi sì sáré fa wọ́n dìde nítorí ojú ọmọ.

Àwọn méjèèjì pẹ̀lú Ọ̀gá Mẹ́sí ni wọ́n jọ lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Mushin. Màámi ló ná ọjà. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ rèé: ilẹ̀kùn, iná àti dígí, a lè ra ti Bẹ́líjíọ̀mù, ìyẹn àlòkù òkè òkun. Ṣùgbọ́n rọ́bà bíréèkì àti túùbù, tuntun ni kí ẹ rà, torí pé àlòkù rọ́bà ti gbó bíi tẹni tó fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀.

Bíréèkì wá dúró ṣinṣin. Àfi bí ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ṣe dé, tí ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà ẹ̀pọ́n kan kúrò ní ₦185 bọ́ sí ₦488 ní Èkó, kò sì dúró síbẹ̀. Ọkọ̀ tún padà sábẹ́ àtíbàbà. Bàbá ń nù ún láràárọ̀, wọn ò gùn ún. Ọ̀gá Mẹ́sí ń kọjá, ó rí i, ó mi orí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ tún ti ń pa á."

Màámi ló yọ wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan wọ́n ṣí búùtù rẹ̀, wọ́n wọn ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú apá, wọ́n ní, "Kúlà mẹ́ta máa gba ibí." Owó tí wọ́n ń san fún kẹ̀kẹ́ àti bọ́ọ̀sì láti lọ kó ẹja, wọ́n ní àwọn á fi ra epo. Èmi lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà, torí ojú bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ní báyìí, Sátidé tí n kò bá ní iṣẹ́ nínú ọgbà, ilé ni mò ń lọ. Mo tẹ́ tapólì méjì sínú búùtù, a gbé kúlà sí i, màámi jókòó sẹ́yìn, bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń tẹ́tí sí ẹńjìnnì bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn. Tí a bá dé, mo fi omi kànga fọ inú búùtù àti abẹ́ rẹ̀ kí iyọ̀ má baà jẹ ẹ́. Ọdọọdún ni mò ń ní kí wọ́n da omi bíréèkì nù, kí wọ́n bu tuntun. Ọ̀gá Mẹ́sí ní ara rẹ̀ ti ń yá.

Bọ̀gìnnì wa ń rùn ẹja, kò ṣeé mú lọ òde ìgbéyàwó mọ́. Bàbá ń kùn, wọ́n ń wọ́n lọ́fíńdà sí i, asán ni. Ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bí sínú rẹ̀ wálé nígbà ọdún Kérésìmesì, ó ní kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ, pé kìlómítà rẹ̀ ṣì kéré. Màámi ló dá a lóhùn: "Kí ni wọ́n fẹ́ fi kìlómítà kékeré ṣe? Ọkọ̀ iṣẹ́ mi nìyẹn."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ máa ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi Yorùbá tí mò ń kà jẹ. Tẹ́lẹ̀, ìwé atúmọ̀-èdè ni mo máa ń wá àwọn ọ̀rọ̀ tó tutù yọ̀yọ̀ sí, tí ẹnikẹ́ni kì í sọ, kí ewì mi lè dán. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, èyí tí màámi fi ń ná ẹja ni mò ń kọ sílẹ̀.

Nígbà tí mo wo mítà ní Sátidé tó kọjá, 68,412 ló wà níbẹ̀. Bàbá bi mí pé mélòó ni. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Ó ti ń rìn." Inú wọn dùn sí i.