Ìyá Tó Ń Ṣọ́ Bàtà ní Lalibela

Ní Lalibela, ní orílẹ̀-èdè Etiópíà, iṣẹ́ kan wà tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí: kí èèyàn máa tẹ̀lé àlejò láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ṣọ́ọ̀ṣì, kó máa ṣọ́ bàtà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà wọ ilé Ọlọ́run níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tí o sì gbà wọlé lè má jẹ́ èyí tí wàá gbà jáde, torí kòtò àti ọ̀nà abẹ́ àpáta ló so púpọ̀ nínú wọn pọ̀. Bí o bá bọ́ bàtà síbí, ẹnì kan ní láti gbé e yípo lọ dúró dè ọ́ lọ́hùn-ún. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi mí mọ̀nà ló bá mi wá ìyá kan fún iṣẹ́ yìí. Ìyá náà á ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó kéré lára, ó da aṣọ funfun borí, ó sì ń rìn lórí àpáta bí ẹni ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀.

Ti ìrìn ọ̀hún kò gùn ún sọ. Bàálù kan gbé mi láti Èkó dé Addis Ababa, òmíràn gbé mi dé Lalibela. Ìlú náà fi nǹkan bíi mítà 2,500 ga ju òkun lọ. Ará Èkó tó bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn níbẹ̀, kó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí yóò fi dókè.

Ṣọ́ọ̀ṣì 11 ni wọ́n gbẹ́ sínú àpáta ìlú yìí. Ọba Lalibela, ti ìdílé Zagwe, tó jọba láti ìparí sẹ́ńtúrì kejìlá, ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà mọ́. Wọ́n ní Jerúsálẹ́mù tuntun ló fẹ́ dá sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí odò tó gba àárín ìlú fi ń jẹ́ Jọ́dánì. Àwọn onímọ̀ kan ní àwọn kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà ti wà ṣáájú ọba yìí, pé ìran tó gbẹ́ wọn ju ẹyọ kan lọ.

Bí o bá ń lọ sí Bete Giyorgis, o ò ní rí ṣọ́ọ̀ṣì kankan. Àpáta gbalasa ni wàá máa rìn lórí rẹ̀, àfi bí o bá ṣàdédé dé etí kòtò, tí òrùlé tó rí bí àgbélébùú sì dọ́gba pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ. Ilé tó kù wà nísàlẹ̀, ó tó mítà 12. Kò sí búlọ́ọ̀kù, kò sí sìmẹ́ńtì, kò sí pákó. Wọ́n gbẹ́ kòtò yí àpáta ká, wọ́n fi àárín sílẹ̀, wọ́n wá gbẹ́ inú àárín yẹn ní fèrèsé, ní òpó, ní yàrá. Àwa a máa fi ìpìlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé, òrùlé ló ń kẹ́yìn. Ní tiwọn, òrùlé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Bíríkìlà tó bá to búlọ́ọ̀kù wọ́, á tú u tò. Ẹni tó bá fi òòlù gé òpó àpáta dànù, ta ni yóò bá a lẹ̀ ẹ́ padà? Francisco Álvares, àlùfáà ará Pọ́túgà tó dé ibẹ̀ láàárín ọdún 1520 sí 1526, ròyìn àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wọ̀nyí títí, ó wá ní ó ti sú òun láti kọ sí i, torí òun mọ̀ pé wọn ò ní gba òun gbọ́.

Àwọn ará ìlú ní áńgẹ́lì bá wọn dá sí i. Èèyàn ń gbẹ́ ẹ lọ́sàn-án, bí ilẹ̀ bá ṣú, áńgẹ́lì á gba òòlù lọ́wọ́ wọn. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí, torí kò lé ẹni tó ṣiṣẹ́ ọ̀sán kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tí inú mi kò gbà ni ti àwọn òǹkọ̀wé òyìnbó tó ń sọ pé àwọn ajagun ẹ̀sìn láti Yúróòpù ló wá ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ sí wa rí. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀, ó rí àwọn orí tí àwọn baba wa mọ, ló bá ní àfi kó jẹ́ iṣẹ́ àwọn Gíríìkì tó ti Atlantis wá, ìlú inú àlọ́ tí wọ́n ní òkun gbé mì. Ó yá a lára láti gbà pé ìlú tí kò sẹ́ni tó fojú rí ló ṣe é ju pé Ifẹ̀ tó dúró sí ló ṣe é. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi mí mọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn àlejò kan tiẹ̀ máa ń bi òun bóyá ará inú ìràwọ̀ ló gbẹ́ ti àwọn.

Ní Bete Maryam, a bá ìsìn lórí. Aṣọ funfun ni gbogbo wọn da bora, ìlù ńlá ń dún, àwọn àlùfáà ń mi ṣẹẹrẹ irin, wọ́n sì fara ti ọ̀pá gígùn, torí ìdúró ni wọ́n ń sìn fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹsẹ̀ lásán, aṣọ funfun, ìlù: ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ kì bá tí bèèrè ibi tó wà. Oshoffa tó dá ìjọ Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ lọ́dún 1947 kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn o. Àmọ́ àwọn ará Èkó tó kúrò lábẹ́ òyìnbó ní 1891 láti dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, orúkọ Etiópíà kò jìnnà sí ẹnu wọn. Wọ́n mọ̀ pé láti sẹ́ńtúrì kẹrin ni àwọn ọba ibẹ̀ ti ń jọ́sìn fún Kristi, nígbà tó jẹ́ pé ọdún 1842 ni oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé Àgbádárìgì. Ta ló wá kù tí yóò sọ pé ẹ̀sìn òyìnbó ni? (Ẹni tó bá ń lọ, kó wọ ìbọ̀sẹ̀. Yọ̀rọ̀ pọ̀ nínú àwọn kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀, wọn kì í sì í gbààwẹ̀.)

Okùn bàtà mi ti já láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo kàn ń wọ́ ọ nílẹ̀ ni. Bí mo ṣe jáde ní Bete Golgotha, mo bá ìyá yẹn lórí òkúta, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ó ń fẹnu já òwú tó fi rán an tán. Mo na owó sí i. Kò gbà á. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì túmọ̀ rẹ̀: "Wọ́n ní ẹ ti sanwó kí àwọn ṣọ́ bàtà. Bí bàtà bá já lọ́wọ́ àwọn, ṣé àwọn ṣọ́ ọ nìyẹn?" Ó ní ká wá mu kọfí.

Yàrá kan ṣoṣo ni ilé rẹ̀. Ó da koríko tútù sílẹ̀, ó fi tùràrí sínú iná, ó fọ èso kọfí, ó yan án títí ó fi dúdú, ó wá gbé agbada tó ń rú èéfín náà káàkiri kí kálukú gbọ́ òórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó gún un, tó sè é nínú ìkòkò amọ̀ ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń bù ú, ẹ̀kẹta ni ti ìbùkún, ìwà àìmoore sì ni kéèyàn dìde ṣáájú rẹ̀. Nílé mi, ẹni bá ń kánjú lọ síbi iṣẹ́ ló ń mu kọfí.

Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ ààwẹ̀, torí náà kò sí ẹran, kò sí wàrà. Injera, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, àti ọbẹ̀ ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n ń pè ní shiro la jẹ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wo bí mo ṣe máa ya tèmi ni ìyá yìí bu òkèlè ńlá kan, ó ká a mọ́ ọbẹ̀, ó sì nà án sí ẹnu mi. Àṣà wọn ni, bí wọ́n ṣe ń fi ìfẹ́ hàn sí àlejò nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ bọ́ mi, àwọn tó sì ṣe é kẹ́yìn kò sí láyé mọ́. Mo la ẹnu. Lẹ́yìn tí mo gbé e mì, n kò mọ ohun tí mo lè ṣe ju kí n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá pariwo, ó fò dìde, ó rò pé ọbẹ̀ ló bá mi jà. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí n tún un ṣe kí àwọn aládùúgbò wá wò ó. Mo tún un ṣe.

Lẹ́yìn kọfí kejì, ó sọ̀rọ̀ àwọn ọdún burúkú. Kòrónà ló kọ́kọ́ lé àwọn àlejò lọ. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2021, àwọn ọmọ ogun Tigray tó ń bá ìjọba jà gba ìlú náà, ó di oṣù kejìlá kó tó padà sọ́wọ́ ìjọba. "Ìgbà tí kò sí bàtà" ni ìyá ń pè é. Mo bi í bó ṣe rí jẹun. Ó ní ẹnì kan ní ọkà, ẹnì kan ní igi ìdáná, òun ní ìkòkò.

Òun náà bi mí bóyá a ní ṣọ́ọ̀ṣì nílé. Mo ní ó pọ̀, pé márùn-ún ló wà ní òpópónà mi nìkan. Ó ronú sí i.

"Ṣé ẹ ò gba ara yín ní ẹyọ kan ni?"

Mo ní kí wọ́n bá mi bu kọfí ẹ̀kẹta.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Yemrehanna Kristos pẹ̀lú. Aago kan ni awakọ̀ ní ká gbéra, aago méje tiwa nìyẹn, torí ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni wọ́n ti ń ka aago. Mo rò pé tiwọn bọ́gbọ́n mu ju kí ọjọ́ tuntun máa bẹ̀rẹ̀ lóru nígbà tí gbogbo ayé ń sùn. Ọ̀nà náà burú, òkúta ni ṣáá. Síbẹ̀ awakọ̀ yìí ń dúró fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó ń dúró fún ẹni tó ru igi, kò sì tẹ fèrè. Mo ronú nípa àwọn tó ń wakọ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, mo dákẹ́. Inú ihò àpáta ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn sí, wọ́n to òkúta ẹfun àti igi dúdú léra wọn, ó sì dàgbà ju púpọ̀ nínú ti Lalibela lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, egungun àwọn arìnrìn-àjò ẹ̀sìn ayé àtijọ́ wà nílẹ̀ gátagàta.

Ashetan Maryam, ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú, ni mi ò rí. Wọ́n máa ń fi ìbaaka gbé èèyàn lọ síbẹ̀, a sì ti fẹnu kò lórí owó. Nígbà tí oníbaaka dé láàárọ̀, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó wo ẹran rẹ̀, ó sì ní ká tún owó náà sọ.