Kí Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Tó Gùn Sí I

Obì gbànja kò fẹ́ kí a fún òun mọ́ra. Lẹ́yìn tí a bá ti ká a, tí a là á, tí a rẹ ẹ́ títí awọ funfun ara rẹ̀ fi bọ́, inú apẹ̀rẹ̀ tí a tẹ́ ewé sí ló ń gbé. Bí ewé bá gbẹ, obì á rọ. Bí ooru bá sì mú un lẹ́yìn ọkọ̀, á ti bàjẹ́ kí ó tó dé Kánò. Ìdí nìyí tí àwọn olóbì Sábó Ṣàgámù fi máa ń béèrè àyè lọ́wọ́ onímọ́tò ju ohunkóhun lọ. Ẹrù wọn kò wúwo tó sìmẹ́ǹtì, àmọ́ atẹ́gùn gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà gbà láàárín apẹ̀rẹ̀ kan sí èkejì. Ẹnu wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní kékeré: “Ẹ bá wa fi kún ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí.”

Ọmọ olóbì ni mí. Oko tó yí Ìkẹ́nnẹ́ ká ni màmá mi ti ń ra obì, Sábó ló sì ń kó o lọ fún àwọn Hausa tó ń rà á. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin ló ní ṣọ́ọ̀bù ajórinmọ́rin kan létí ọ̀nà ní Ṣàgámù. Kápẹ́ńtà ni wọ́n nígbà èwe wọn, pákó ni wọ́n fi ń kan ara ọkọ̀. Nígbà tí irin gba iṣẹ́ lọ́wọ́ pákó, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ irin jíjó, àgbàlagbà tó tún padà di ọmọ iṣẹ́. Bàbá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ohun tí mo mọ̀ nípa bí a ṣe ń fi kún ẹ̀yìn ọkọ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti mọ̀ ọ́n, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ìmọ̀ tó yẹ kí ìlú bọ̀wọ̀ fún ni.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́ láàárín wa. Ojú irin tó ti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 gba Abẹ́òkúta kọjá, kò ya ọ̀dọ̀ àwa ará Rẹ́mọ, níbi tí Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́ wà. Mọ́tò ló wá di ẹsẹ̀ obì àti kòkó wa. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ni kì í ní ẹ̀yìn rárá bó bá ti òkè òkun dé: ẹ́ńjìnnì, bọ́nẹ́ẹ̀tì, táyà, àti irin ṣáṣí gbọọrọ méjì, ó tán. Àwọn kápẹ́ńtà wa ló ń kan ìyókù. Wọ́n á fi pákó líle tẹ́ ilẹ̀, wọ́n á fi gbé ògiri ró, wọ́n á bo orí rẹ̀, wọ́n á to bẹ́ǹṣì sínú rẹ̀ fún èrò. Òun ni bọ́lẹ̀kájà tí àwọn òbí wa wọ̀, Austin àti Bedford ló sì pọ̀ nínú wọn. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí wọ́n bí ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1909, ṣe òwò mọ́tò àti òwò kòkó ní àwọn ọdún 1930 kí wọ́n tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, wọ́n sì ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò. Ẹni tó bá ní Rẹ́mọ ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ akẹ́rù kò mọ ìtàn wa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Mercedes 911 gba ìgboro. Wọ́n tò ó pọ̀ níbí, ní ilé iṣẹ́ ANAMMCO ní Emene, lẹ́bàá Enugu. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ṣáṣí rẹ̀ ń gba ìyà. Bí wọ́n bá kan páànù mọ́ ọn tí wọ́n to àga sí i, ó di mọlúè Èkó. Bí wọ́n bá fi irin gíga yí i ká, ó di ọkọ̀ igi gẹdú. Bí wọ́n bá kan pákó gbọọrọ sí i, ó di ọkọ̀ obì. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni a fi ń mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, oníṣẹ́ ọwọ́ wa ló sì ń pinnu bí ẹ̀yìn náà ṣe máa rí.

Mo tún ronú sí gbogbo èyí láìpẹ́ yìí nítorí àbúrò mi kan tó ń gbé Texas. Ó ra ilé kan tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ fà. Ní iwájú ilé náà ni ibùsùn wà, pẹ̀lú ibi ìdáná àti ilé ìwẹ̀; ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ yàrá fún alùpùpù. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn odindi ló ń ṣí wálẹ̀, tí á di àtẹ̀gùn tí alùpùpù fi ń gun inú ilé lọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà a máa fà á lọ sí aṣálẹ̀ tàbí etí òkun, wọ́n á ṣeré níbẹ̀, wọ́n á sì sùn síbẹ̀. Àbúrò mi fẹ́ kó alùpùpù méjì, ìkejì kò wọlé tán. Ó pe Bàbá lórí fóònù, ó gbé fóònù náà yí ká inú yàrá náà kí wọ́n lè rí i.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi kún ẹ̀yìn yìí ni.”

“Kí ló kù níta nínú ẹ̀?”

“Kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan, sà.”

“Ṣé o ti ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ẹ̀? Ìwúwo tó lè gbé?”

Kò tíì kà á. Bàbá ní kí ó lọ kà á ná, kí ó wọn alùpùpù méjèèjì mọ́ epo inú wọn, kí ó sì tún pe àwọn padà. Wọn kò fẹnu kan irin, wọn kò fẹnu kan owó. Mo jókòó tì wọ́n, ọkàn mi sì balẹ̀, nítorí ìbéèrè kan náà ni mo ti máa ń gbọ́ tí wọ́n ń bi àwọn olóbì.

Ọ̀nà méjì la lè gbà fún irú yàrá bẹ́ẹ̀ láàyè sí i. Èkíní ni kí a sún ògiri àárín síwájú, kí a gbà lára ibi tí ènìyàn ń gbé. Gígùn ọkọ̀ kò yí padà, ṣáṣí kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ó lè jẹ́ òun ló gbé òrùlé dúró. Wáyà àti páìpù lè gba inú rẹ̀. Òun náà ló sì ń dí èéfín epo bẹntiróòlù lọ́wọ́ kó má baà dé ibi tí ọmọ ń sùn. Ẹni tó bá sún un tí kò tún dí etí rẹ̀ pinpin ti gbé epo wọ yàrá ìbùsùn.

Ọ̀nà kejì ni kí a fa ẹ̀yìn ọkọ̀ gùn. Èyí ni iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá, mo sì ti wò ó títí tí mo fi lè fojú inú rí i báyìí. Wọn kì í gé ṣáṣí ní ìbú tààrà bí ẹni gé búrẹ́dì. Wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tó dagun sí ara irin, kí ojú ibi tí wọ́n máa jó má baà bọ́ sí ibì kan ṣoṣo ní òkè àti ní ìsàlẹ̀. Wọ́n á gé e, wọ́n á fi fáìlì bó ojú rẹ̀ títí á fi máa dán, nítorí ìpẹtà àti ọ̀dà ló máa ń ba irin jíjó jẹ́. Wọ́n á wọn igun kan sí igun kejì lẹ́ẹ̀mejì, bí okùn kò bá bá ara wọn mu, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan iná. Lẹ́yìn tí wọ́n bá jó o tán, wọ́n á tún fi irin mìíràn há inú rẹ̀ gba ibi tí wọ́n jó kọjá lápá méjèèjì. Etí òkè àti etí ìsàlẹ̀ ṣáṣí, wọn kì í lu ihò sí i rárá. Ibẹ̀ ni agbára irin náà wà, Bàbá á sì gba dírílì lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ tó bá gbé e lọ síbẹ̀.

Síbẹ̀, gbogbo ọgbọ́n yìí kò tó bí a kò bá bi ara wa pé orí táyà wo ni àyè tuntun náà máa sinmi lé. Ẹrù tó bá wà láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, gbogbo táyà ọkọ̀ ló ń bá ara wọn gbé e. Èyí tó bá yọ sẹ́yìn kọjá táyà ẹ̀yìn ń fa ọkọ̀ nípàkọ́. Ó dà bí obìnrin tó ru apẹ̀rẹ̀ obì tí òṣùká rẹ̀ sún sẹ́yìn: ẹrù kò tíì pọ̀ jù fún un, ṣùgbọ́n ọrùn ti ń tẹ̀ ẹ́. Iwájú ọkọ̀ á fúyẹ́, sítiárì kò ní gbọ́ràn mọ́, pàápàá lórí òkè. Ti ilé àfàkiri Amẹ́ríkà tún le jù bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ìwúwo irú ilé tí wọ́n ń fi ìkọ́ ìdí ọkọ̀ fà, ó yẹ kí ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún sinmi lórí ìkọ́ náà. Bí a bá fa yàrá ẹ̀yìn gùn tí a sì gbé alùpùpù síbẹ̀, ìkọ́ á fúyẹ́, ilé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún sósì lẹ́yìn ẹni tó ń wakọ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí eré, agbára káká ni awakọ̀ fi máa dá a dúró.

Ohun tó ń ká mi lára jù rèé: àyè kì í yan ẹrù. Olóbì ní kí wọ́n fi kún ọkọ̀ òun, wọ́n fi kún un, obì fúyẹ́, ọkọ̀ lọ ó bọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, onímọ́tò rí ẹrù sìmẹ́ǹtì gbà ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ṣàgámù níbí, àyè tí wọ́n kàn fún apẹ̀rẹ̀ àti ewé sì wá di àyè sìmẹ́ǹtì. Sípíríǹgì kò pọ̀ sí i, bíréèkì kò pọ̀ sí i, táyà kò pọ̀ sí i. Ẹni tó kan ẹ̀yìn náà ti lọ sílé, kò sí níbẹ̀ láti sọ pé obì ni mo ní lọ́kàn. Nítorí náà, ẹrù tó wúwo jù tó lè wọ inú àyè náà ló yẹ kí oníṣẹ́ fi ṣe ìwọ̀n rẹ̀, kó má fi ti ẹrù tí oníbàárà dárúkọ. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Lórí ọkọ̀ akẹ́rù, ìtẹ́ tó bá ju eku lọ á wá eku tó tóbi.

Ẹrù àpọ̀jù yìí kì í pa onímọ́tò nìkan. Láàárín ọdún 1958 sí 1960, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Amẹ́ríkà kọ́ ọ̀nà ìdánwò kan nítòsí ìlú Ottawa ní Illinois, wọ́n sì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lórí rẹ̀ lọ́sàn-án lóru. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ìwúwo orí irin ìdí táyà kan bá di ìlọ́po méjì, ìpalára tó ń ṣe fún ọ̀nà á sún mọ́ ìlọ́po 16. Ẹ wá wo Ṣàgámù, níbi tí ọ̀nà Èkó, ti Ìbàdàn àti ti Benin ti pàdé. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 ti jẹ ìyà yìí títí ó fi fọ́ yángá, tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ àtúnkọ́ rẹ̀ ní 2013. Àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí òfin àjùmọ̀ní lórí ìwúwo ọkọ̀ akẹ́rù ní 2012. Òfin náà dára. Àmọ́ ojú títì ni òfin ti ń pàdé ọkọ̀, lẹ́yìn tí ẹrù ti wà nínú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ni ẹ̀yìn ọkọ̀ ti ń gùn.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ìjọba àti ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má lé àwọn ajórinmọ́rin wa bí ẹni lé arúfin. Àwọn ni ìran àwọn kápẹ́ńtà tó fún ilẹ̀ yìí ní ọkọ̀ nígbà tí ṣáṣí lásán ń dé. Ẹ fún wọn ní ìwé ẹ̀rí lórí iṣẹ́ yìí gan-an. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá fa ọkọ̀ gùn lu orúkọ rẹ̀ àti ìwúwo tuntun tí ọkọ̀ náà lè gbé mọ́ ara irin, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ọkọ̀ wò lè kà á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wò kí ó tó gbé ẹrù kankan. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní Rẹ́mọ ló ní ọwọ́ tó mọ́, ohun tó kù ni kí ẹnìkan dúró tì wọ́n nígbà tí oníbàárà bá fi owó hàn wọ́n tí ó ní kí wọ́n má bi òun ní ìbéèrè.

Àbúrò mi tún pe Bàbá padà. Alùpùpù méjèèjì kò ju ìwúwo tí ilé náà lè gbé lọ, kọ́bọ́ọ̀dù kan tí kò gbé òrùlé ló sì gba ààyè tó ń wá. Wọ́n ní kí ó yọ kọ́bọ́ọ̀dù náà, kí ó dí ojú ògiri padà, kí ó sún alùpùpù tó wúwo jù síwájú, kí ó sì fi ṣáṣí sílẹ̀ bó ṣe wà. Bàbá kò gba kọ́bọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni wọ́n ṣe. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn pé ẹni tó mọ irin jó pọ̀ ní Ṣàgámù. Ẹni tó lè wo ọkọ̀ kí ó sọ fún olówó pé “ó tó báyìí” ni ọ̀gá, òun ni kí ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ bá.